Bí A Ṣe Lè Yẹ Ojú Wò Kí A sì Ra Jígí Láìfọ́ Kóló

Owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ jígí, kì í ṣe àyẹ̀wò ló ń gbé e lọ, kì í sì í ṣe lẹ́ǹsì. Bí a ṣe ń ra gbogbo rẹ̀ lójú kan, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, láì bèèrè iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ibẹ̀ ni owó ń gbà jò. Ẹ ó wọ ilé jígí tí ẹ́síì ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, wọ́n á yẹ ojú yín wò “lọ́fẹ̀ẹ́” fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á wá kó férémù síwájú yín bí ẹni pàtẹ wúrà. Kí ẹ tó dìde, owó àyẹ̀wò tí wọn ò gbà ti wọnú owó férémù, ó sì ti bímọ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ lọ yẹ ojú wò níbi tí wọ́n ti fi ojú yíyẹ̀wò ṣe iṣẹ́, ẹ gba ìwé yín, kí ẹ wá mú ìwé yẹn lọ ra jígí níbi tó bá wù yín.

Télọ̀ ni mí, Mọ́kọ́lá n’Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nínú ẹgbẹ́ wa, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n bá wọn mú ìyá yìí tàbí bùọ̀dá yẹn lọ yẹ ojú wò, nítorí wọ́n mọ̀ pé mi ò ń tijú àtibèèrè iye. Ojú la fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Tí aránṣọ bá ti lé lógójì ọdún, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagídí, kò ní fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. A ó kọ́kọ́ ní NEPA ni kò gbé iná tó dáa wá. A ó ra gílóòbù tuntun. Nígbà tó bá yá, ọmọ iṣẹ́ la ó máa pè pé kó wá bá wa ki òwú, a ó wá máa ṣe bí ẹni pé ọwọ́ wa ló dí. Kì í ṣe àrùn rárá. Lẹ́ǹsì inú ẹyinjú ló ń le sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń gorí ọjọ́ orí, kò lè yí ara padà mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí. Kò sẹ́ni tó dàgbà tí kì í ṣe, jígí ló sì ń yanjú ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, àwọn olùwádìí kan fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, aránṣọ wà nínú wọn, ní jígí tí wọ́n fi ń wo ìtòsí. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2024 sọ pé láàárín oṣù mẹ́jọ, owó tó ń wọlé fún àwọn tó rí jígí gbà ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí kò ríran kò lè gba iṣẹ́ léèsì.

Ẹ ó ní, ṣebí wọ́n ń kiri jígí ní Dùgbẹ̀, tí owó ẹ̀ kò ju owó oúnjẹ lọ? Òótọ́ ni, mi ò sì ní bú u. Jígí tí wọ́n ń kiri yẹn, tí wọ́n lẹ +1.00, +1.50, +2.00 mọ́ lára, kì í ba ojú jẹ́. Ẹni tó ń rí òkèèrè kedere, tí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tó kàn fẹ́ fi ka Bíbélì tàbí Kùránì, lè rà á kó sì máa lò ó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ojú kan, ẹ fi èkejì kà á, kí ẹ wá ṣe ojú kejì bákan náà. Tí ọ̀kan bá mọ́lẹ̀ tí èkejì ń ṣe bàìbàì, ẹ dá a padà fún un, kì í ṣe tiyín. Nọ́ńbà kan náà ló wà lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dọ́gba.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú jígí ìkiri ni pé àwọn èèyàn máa ń fi rọ́pò àyẹ̀wò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé cataract, ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ẹyinjú ṣú, ló ń fọ́ èèyàn lójú jù, tí glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, sì tẹ̀ lé e. Cataract, ẹ ó rí i tó ń bọ̀, ojú á máa ṣú díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì ń wò ó. Glaucoma kì í dun èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jí ìríran gbé lọ, àárín á ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ó ṣì máa ka nọ́ńbà mọ́tò, títí yóò fi kù díẹ̀ káàtó. Èyí tó bá sì ti mú lọ kò ní dá a padà. Oògùn kàn lè dáàbò bo èyí tó kù ni. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń tètè mú, ó sì ń tẹ̀ lé ìdílé. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi àwọn àgbà pé ta ló fọ́jú nínú ìran yín. Wọ́n lè ní ayé ló ṣe é, wọ́n lè ní orogún ló fi nǹkan sí i lójú. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ṣáà rántí orúkọ ẹni náà àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà.

Ta ni ẹ máa wá lọ bá? Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì ń pe gbogbo wọn ní dókítà ojú. Ọ̀kan ni dókítà ìṣègùn tó tún kọ́ nípa ojú, òun ló ń ṣiṣẹ́ abẹ. Èkejì ni optometrist, ẹni tó kàwé fún ọdún mẹ́fà ní yunifásítì bíi ti Benin láti yẹ ojú wò, láti kọ nọ́ńbà jígí, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó tari yín sí dókítà abẹ. Ẹ̀kẹta ni optician, tó ń gé lẹ́ǹsì tó sì ń fi sínú férémù. Iṣẹ́ gidi niṣẹ́ optician, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó máa sọ nọ́ńbà ojú yín fún yín. Àjọ tí ìjọba fi ń darí àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni ODORBN. Ìwé àṣẹ wọn yẹ kó wà lára ògiri, kí ọdún tó wà lára ẹ̀ má sì ti kọjá. Ẹ wò ó kí ẹ tó jókòó. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ bèèrè. Ẹni tó ní i kì í bínú.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo máa ń mú èèyàn lọ. Níbí, UCH l’Ọ́rítá Mẹ́fà. Àwọn ará Èkó ní Guinness Eye Centre nínú LUTH ní Ìdí-Àràbà, àwọn ará Ifẹ̀ ní OAUTH, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní ẹ̀ka ojú. Owó wọn kì í tó ti àdáni. Àkókò ni ẹ máa fi san ìyókù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, nítorí gbogbo ẹni tí ojú ń dùn láti ọjọ́ Ẹtì ló máa wà níbẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ mú omi àti nǹkan ìpanu dání. Níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ méjì: ọjọ́ wo ni wọ́n ń yẹ ojú wò fún jígí, nítorí kì í ṣe gbogbo ọjọ́ kílíníìkì ni wọ́n ń ṣe é; àti pé yàtọ̀ sí owó káàdì, kí ni àwọn owó mìíràn tó kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ san án níbi tí wọ́n ti ń gbowó, ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá pàdé yín ní kọ́ríídọ̀ pé òun á bá yín ṣe é kíákíá, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Tí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera, ẹ mú nọ́ńbà yín lọ. Nínú ìlànà NHIS, kó tó di NHIA, àyẹ̀wò ojú wà nínú ohun tí wọ́n ń san, jígí ni wọ́n yọ sílẹ̀; ẹ bèèrè bó ṣe rí báyìí. Ìyẹn gan-an tún jẹ́ ìdí kan tó fi yẹ kí ẹ ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára jígí. Ẹ máa nílò ìwé láti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ yín sí kí wọ́n tó gbà yín níbòmíràn. Ẹni tó wà lórí OYSHIA ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìlera Èkó, kó pè wọ́n kó béèrè ohun tó wà nínú ètò tirẹ̀ kó tó wọ mọ́tò.

Ohun tí ẹ máa mú dání: jígí àtijọ́, kódà bí apá rẹ̀ bá ti kán, nítorí wọ́n lè wọn nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí ẹ ń kán sójú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì nígbà tí ojú bá ń yún wa, tí a sì ń kán an fún oṣù púpọ̀. Steroid wà nínú òmíràn, ó sì lè gbé ìfúnpá ojú sókè títí tí yóò fi di glaucoma. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa sìn yín lọ sílé, nítorí tí wọ́n bá kán oògùn tó ń la ọmọlójú sílẹ̀, ìwé kò ní ṣeé kà fún wákàtí mélòó kan, oòrùn á sì máa gún yín lójú. Ẹ má wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà lọ. Tí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tí ṣúgà sì ga lásìkò náà, ẹ sọ fún wọn. Ṣúgà tó ń lọ sókè sódò máa ń yí nọ́ńbà jígí padà. Ẹ lè ra jígí lónìí kó má ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí ṣúgà bá wálẹ̀, owó á sì ti wọgbó. Ẹ kọ́kọ́ mú ṣúgà balẹ̀ ná.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo bá mú lọ: ẹ wọn ibi tí ojú yín jìnnà sí iṣẹ́ yín dé. Téèpù kò ṣáà wọ́n wa. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ọmọ iṣẹ́ na téèpù láti ẹ̀gbẹ́ ojú yín dé ẹsẹ̀ máṣíìnì, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń gún aṣọ. Ibi tí wọ́n sábà máa ń fi ìwé kíkà sí nígbà àyẹ̀wò ni sẹ̀ǹtímítà 40, ìyẹn bí íǹṣì 16. Ẹni tó ń wa máṣíìnì ńlá lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń fi ọwọ́ to òkúta sára léèsì sì lè sún mọ́ ọn tó íǹṣì 12. Nọ́ńbà tó bá ẹni kejì mu máa le jù fún ẹni àkọ́kọ́: á máa tẹrí mọ́ máṣíìnì kó tó ríran, ẹ̀yìn àti ọrùn á wá máa dùn ún, á ní orí máṣíìnì ló ga jù. Ẹ kọ íǹṣì yín sórí pépà, ẹ fún dókítà. Èmi a tún máa mú ègé aṣọ dúdú kan, abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú sínú báàgì. Tí wọ́n bá ti fi lẹ́ǹsì sójú mi tán tí wọ́n ní kí n ka lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo máa ń ní, “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ jẹ́ kí n fi òwú bọ abẹ́rẹ́ wò.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà. Dúdú lórí dúdú kò mọ irọ́ pa.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ máa ka lẹ́tà lára pátákó tó jìnnà tó mítà mẹ́fà. Ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn sá. Wọ́n ní pátákó tó jẹ́ pé E nìkan ló wà lára rẹ̀, á kàn máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ẹ máa gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, ẹ ó rí àwòrán bàlúùnù tàbí ilé kékeré kan ní òpin títì tó jìnnà, á ṣú, á tún mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yẹn bá tú jáde, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ibi tó bá ti jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n fi kọ jígí fún yín, ẹ kò tíì yẹ ojú wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé férémù irin ńlá lé yín lójú, kí wọ́n máa yí lẹ́ǹsì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bèèrè pé, “Èyí àbí èyí?”

Ibẹ̀ gan-an ni ìwà ọmọlúàbí ti ń pa wá lára. A ó máa wo ojú dókítà, a ó máa dáhùn pé “ó dáa, sà,” “ó mọ́lẹ̀, mà,” nítorí a kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé a ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti rí àgbàlagbà tó ní gbogbo lẹ́ǹsì dáa, ẹ̀yìn tí jígí ti jáde tán ló tó ní òun kò ríran. Tí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀, ẹ ní “ọgbọọgba ni.” Tí ẹ bá fẹ́ tún wo ti àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n dá a padà. Ẹ ti sanwó fún un.

Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, tàbí tó ní glaucoma nínú ìdílé, kò gbọ́dọ̀ dìde láìjẹ́ pé wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ẹyinjú níbi tí iṣan ojú ti wọlé. Láti 10 sí 21 ni wọ́n sábà máa ń kà sí déédéé, ṣùgbọ́n ìfúnpá déédéé nìkan kò tó, nítorí glaucoma lè wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wo iṣan náà. Tí wọ́n bá gbàgbé, ẹ fi sùúrù sọ pé, “Ẹ dákun, ẹ bá mi wọn ìfúnpá ojú mi.” Èyí kò sí nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò “ọ̀fẹ́” ilé jígí.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba ìwé yín, ẹ yà á sórí fóònù. OD ni ojú ọ̀tún, OS ni ojú òsì. SPH ni nọ́ńbà gangan: tó bá ní àmì ìyọkúrò (−), òkèèrè ni kò mọ́ yín lójú, tó bá ní àmì ìròpọ̀ (+), òdìkejì rẹ̀ ni. CYL àti AXIS wà fún ojú tí kò rí róbótó dáadáa, tó ń fa ìlà gùn; AXIS kì í kọjá 180. ADD ni wọ́n fi kún un láti wo ìtòsí. Ẹ má sì bẹ̀rù tí ilé ìwòsàn méjì bá kọ nọ́ńbà tó dà bíi pé ó yàtọ̀. −1.00 / −0.50 × 90 àti −1.50 / +0.50 × 180, lẹ́ǹsì kan náà ni. Ọ̀nà ìkọ̀wé ló yàtọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ PD sí i, ìyẹn iye mìlímítà tó wà láàárín ọmọlójú kan sí èkejì. Àwọn kan kì í kọ ọ́ tí ẹ ò bá bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ fún agélẹ́ǹsì ibi tí àárín lẹ́ǹsì máa wà. Àwọn ilé jígí kan wà tí kì í fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ kí ẹ má baà lọ rà á níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà àdáni fi máa ń jẹ́, “Ṣé ẹ máa fún mi ní ìwé mi tí mo bá sanwó àyẹ̀wò?”

Ó wá ku ọjà. Jígí tó rọjú jù lọ ni èyí tí férémù rẹ̀ ti wà nílé. Tí férémù àtijọ́ kò bá kán, tí ìdè rẹ̀ ṣì le, lẹ́ǹsì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Wọn kì í sábà dá a lábàá fún yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Tí kò bá sí, ẹ lọ bá àwọn tó ń kó férémù tà lọ́pọ̀, n’Ìbàdàn Dùgbẹ̀ ni mo máa ń lọ, l’Ékòó wọ́n wà ní àgbègbè Ìdúmọ̀tà àti Bàlógùn. Ẹ ṣí apá rẹ̀, ẹ pa á dé, kó má dún kàkà, kó má sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Orúkọ olókìkí tó wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan lọ́jà yẹn, ẹ má sanwó fún un. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, kó mú férémù kékeré, kí lẹ́ǹsì má baà nípọn létí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ rèé.

“Mọ̀mí, ₦45,000 ni gbogbo ẹ̀.”

“Ọmọ mi, mi ò bèèrè gbogbo ẹ̀. Èló ni férémù?”

“Ẹ̀ẹ́, mọ̀mí, ó ti wà lápapọ̀ ni.”

“Tú u palẹ̀ fún mi. Férémù èló, lẹ́ǹsì èló, owó gígé èló? Irú lẹ́ǹsì wo ni?”

“Photo, blue cut, àti AR, mà.”

“Ta ló ní kí o fi blue cut sí i?”

Ibi tó bá ti tú u palẹ̀ báyìí, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Blue cut, èyí tí wọ́n ní ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù, ẹ fi sílẹ̀. Àgbéyẹ̀wò tí Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìṣègùn, gbé jáde ní 2023 kò rí i pé ó ń dín ojú rírẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà kù. Photo, èyí tó ń dúdú nínú oòrùn, dáa fún ẹni tó ń jókòó sọ́jà, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀ púpọ̀, nítorí gíláàsì iwájú mọ́tò kì í jẹ́ kí ìtànṣán tó ń mú un dúdú wọlé dáadáa. AR, tó ń pa ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà, ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ń wakọ̀ lálẹ́ san owó lé. Lẹ́ǹsì oníke lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní CR-39 tàbí 1.50, tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó dìgbà tí nọ́ńbà bá ti ń kọjá 4 kí 1.67, lẹ́ǹsì tó tín-ín-rín jù ú lọ, tó lówó lórí. Ọmọdé àti káfíńtà, polycarbonate ni kí wọ́n wá, torí kì í fọ́ wẹ́wẹ́.

Ní ti ẹni tó nílò nọ́ńbà méjì, ti òkèèrè àti ti ìtòsí, wọ́n á fẹ́ ta progressive fún yín. Ó rẹwà, kò nílà láàárín, owó rẹ̀ sì máa ń pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gba àṣìṣe. Bifocal onílà rọjú, ọlọ́jà tó ń wo oníbàárà tó tún ń ka owó máa fẹ́ràn rẹ̀. Aránṣọ ńkọ́? Èmi fara mọ́ jígí kan péré fún ìdí máṣíìnì, tí yóò máa gbé níbẹ̀, pẹ̀lú òkùn lọ́rùn rẹ̀. Bifocal ń mú kí a máa gbé àgbọ̀n sókè láti fi ìsàlẹ̀ lẹ́ǹsì wo abẹ́rẹ́, ọrùn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ má kàn fi sínú àpò. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn lẹ́ǹsì náà lójú yín, kí ẹ fi wé ìwé yín, ọ̀tún kí ó jẹ́ ọ̀tún. Ẹ di ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ wo férémù ilẹ̀kùn: ó yẹ kó dúró gbọnrangandan. Kí wọ́n tẹ apá rẹ̀ títí kò fi ní máa já bọ́ nígbà tí ẹ bá tẹrí ba. Ìyẹn kò yẹ kó gba owó. Ilẹ̀ lè dà bíi pé ó dagun fún ọjọ́ díẹ̀, pàápàá tí CYL bá jẹ́ tuntun. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí orí ṣì ń fọ́ yín, ẹ mú rìsíìtì àti jígí padà. Tí lẹ́ǹsì bá bá ìwé mu, ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ojú wò ni kí ẹ gbà lọ. Tí kò bá bá a mu, ẹni tó gé e ló máa tún un ṣe.

Ní ti ọ̀fẹ́: ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ Jígí Bọ́lá ní 2001, ìjọba àpapọ̀ sì gbé irú rẹ̀ dìde ní 2024 pẹ̀lú èrò láti pín jígí mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ bèèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹwàá ni Ọjọ́ Ìríran Lágbàáyé, ọ̀sẹ̀ glaucoma sì wà nínú oṣù kẹta. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń wọn ìfúnpá ojú lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, ó sì yẹ kí ẹ lo àǹfààní rẹ̀. Ti àwọn olóṣèlú nígbà ìbò, ẹ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò. Ṣùgbọ́n àpótí jígí tí wọ́n ti lò rí tí wọ́n kó láti òkè òkun, ẹ má mú èyí tó bá ṣáà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà ẹlòmíràn ni, àti CYL ẹlòmíràn.

Ọmọ tó ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń da ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ nítorí kò rí pátákó, kì í ṣe olódo. Kí wọ́n tó kọ jígí fún un, kí wọ́n kán oògùn tó ń dẹ ojú ọmọdé, nítorí ojú wọn lágbára débi pé ó lè tan ẹ̀rọ jẹ.

Ẹni tó ní ẹbí l’Ámẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba lè fi ìwé àti PD ránṣẹ́ kí wọ́n bá a ra jígí lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó máa ń rọjú nígbà mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ wà l’Ámẹ́ríkà, òfin tó ti wà láti 1978 ní dandan ni kí wọ́n fún yín ní ìwé yín lẹ́yìn àyẹ̀wò, láìgba owó kún un. Ẹ̀yin ti England, tí ẹ bá ti pé 40 tí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ yín sì ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ń yẹ ojú yín wò. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ pe ilé, kí ẹ bèèrè ohun tó fọ́ bàbá lójú.

Ọdún méjì-méjì dáa fún ẹni tí kò ní ìṣòro. Ẹni tí glaucoma wà nínú ìdílé rẹ̀, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, ọdọọdún. Ṣùgbọ́n tí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́, tí ó dà bíi pé wọ́n fa kọ́tìnnì bo apá kan, tàbí tí ojú pọ́n tó ń dunni wọra, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ jígí. Ẹ má kán omi iyọ̀, ẹ má kán ọmú, ẹ má kán ìtọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbéra, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì wọlé, ọjọ́ kílíníìkì kọ́ là ń dúró dè.